Òfin Pythagoras Ti Wà Kí Pythagoras Tó Dáyé

Òfin tí wọ́n ń pè ní òfin Pythagoras jẹ mọ́ onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ dígírì 90, irú igun tó wà lára ilẹ̀kùn tàbí ìwé. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, tí wọ́n sì ro méjèèjì pọ̀, iye tó máa jáde kò ní yàtọ̀ sí ìlọ́po ara ẹ̀gbẹ́ gígùn tó dojú kọ igun náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú bá jẹ́ 3 àti 4, 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àpapọ̀ wọn jẹ́ 25. Ẹ̀gbẹ́ gígùn á sì jẹ́ 5. Ìtàn tó máa ń bá ẹ̀kọ́ yìí rìn ni pé Pythagoras, ará Gíríìsì tí wọ́n bí sí erékùṣù Samos ní nǹkan bí ọdún 570 ṣáájú ìbí Krístì, ló ṣàwárí rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó fi màlúù rúbọ. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Wàláà amọ̀ láti ilẹ̀ Bábílónì, níbi tí Ìráàkì wà lónìí, ló kọ́kọ́ takò ó. Àwọn akọ̀wé ibẹ̀ a máa fi ẹnu esùsú tẹ nọ́ńbà sára amọ̀ tútù, ọgọ́ta-ọgọ́ta ni wọ́n sì fi ń ka iye. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni wákàtí oníṣẹ̀ẹ́jú 60 ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀kan nínú wàláà wọ̀nyí, tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, wà ní Yunifásítì Yale. YBC 7289 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Akọ̀wé ya onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba sí i lára, ó fa ìlà dábùú rẹ̀ láti igun dé igun, ó kọ 30 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ iye tí wọ́n máa fi ṣe ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ náà kí wọ́n tó rí gígùn ìlà adábùú. Ní ìkọ̀wé òde òní, iye náà jẹ́ 1.41421296. Èyí tó tọ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ báyìí: 1.41421356. Kò sí ọ̀pá ìwọ̀n tó lè gbé ènìyàn dé ìdí ọ̀rọ̀ báyẹn. Ìṣirò ni akọ̀wé náà ṣe, ó sì ti ní láti mọ bí ẹ̀gbẹ́ àti ìlà adábùú ṣe tan mọ́ra.

Wàláà mìíràn, BM 85196, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, béèrè nípa igi gígùn 30 tí wọ́n gbé nàró ti ògiri. Bí orí igi náà bá yọ̀ wálẹ̀ ní ìwọ̀n 6, báwo ni ìdí rẹ̀ ṣe máa jìnnà sí ògiri tó? Ìdáhùn ni 18, òfin yìí kan náà ni wọ́n sì fi rí i. Èyí tó lókìkí jù ni Plimpton 322, ní Yunifásítì Columbia, tí Otto Neugebauer àti Abraham Sachs ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1945. Ìlà 15 ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá òfin mu. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 12709, 13500 àti 18541. Ta ló máa ṣèèṣì bá irú nọ́ńbà báwọ̀nyí pàdé? Gbogbo wàláà yìí sì ju Pythagoras lọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún ó kéré tán.

Ní Íńdíà, ìwé Baudhayana tó wà fún àwọn tó ń fi bíríkì mọ pẹpẹ sọ òfin náà ní gbangba. Ní Ṣáínà, ó wà nínú ìwé Zhoubi Suanjing.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ Pythagoras kí wọ́n lè gbé e fún Íjíbítì. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀lé ibẹ̀ máa ń ta okùn oníkókó 12 ní 3, 4 àti 5 kí wọ́n lè rí igun dígírì 90. Òótọ́ ni pé àwọn ará Íjíbítì ń fi okùn wọn ilẹ̀ tẹ́ńpìlì, ṣùgbọ́n àbá ni ìtàn oníkókó 12. Òpìtàn Jámánì Moritz Cantor ló dá a ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn tó tẹ̀ lé e ló sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ògo Íjíbítì kò nílò rẹ̀. Ìwé òrépèté Rhind, tí akọ̀wé Ahmes dà kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Krístì, ti fi ọgbọ́n wọn nínú ìpín àti nínú wíwọn òbìrí hàn láìní àbùmọ́.

Ní ti Pythagoras fúnra rẹ̀, kò sí ìwé kan tó jẹ́ tirẹ̀ tó ṣẹ́kù. Cicero ará Róòmù, tó kọ̀wé lẹ́yìn tó ti lé ní 400 ọdún tí ọkùnrin náà kú, kò gba ìtàn màlúù náà gbọ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í fẹ́ fi ẹran rúbọ.

Ohun tí Gíríìsì fi kún un ni ẹ̀rí, ìyẹn àlàyé tó fi hàn pé òfin kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ 15, àní 1000, kò tó. Kí ènìyàn mú nọ́ńbà kan, kó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kó yọ nọ́ńbà náà kúrò, kó sì fi 41 kún un. Láti 1 títí dé 40, iye tó ń jáde kò ṣeé pín dọ́gba fún nọ́ńbà kankan bí kò ṣe 1 àti ara rẹ̀. Tó bá kan 41, ó yẹ̀: 1681 ló jáde, 41 lọ́nà 41 sì ni.

Ẹ̀rí òfin onígun mẹ́ta kò nílò ju ìtòjọ lọ. Kí wọ́n ya onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba ńlá kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì, kí wọ́n sì to onígun mẹ́ta náà mẹ́rin sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àyè tó ṣẹ́kù láàárín jẹ́ ìlọ́po ara ẹ̀gbẹ́ gígùn. Bí wọ́n bá tún wọn tò ní méjì-méjì kí wọ́n lè di onígun mẹ́rin gbọọrọ méjì, àyè tó ṣẹ́kù á pín sí ìlọ́po ara ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kìíní àti ti èkejì. Àwọn onígun mẹ́ta náà kò yí padà, onígun mẹ́rin ńlá kò yí padà, nítorí náà àyè tó ṣẹ́kù nígbà méjèèjì dọ́gba, iyekíye tí ẹ̀gbẹ́ ì báà jẹ́.

Ẹ̀rí Gíríìsì tó pẹ́ jù lọ tó dé ọwọ́ aráyé kì í ṣe ti Pythagoras. Euclid ló kọ ọ́ sí ìparí apá kìíní ìwé rẹ̀ Elements, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Krístì. Proclus, tó ṣàlàyé ìwé náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Krístì, mẹ́nu ba àwọn tó ń darí òfin yìí sọ́dọ̀ Pythagoras, ṣùgbọ́n ó ní Euclid lòun gbóríyìn fún jù, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ àti nítorí pé ní apá kẹfà ó fi hàn pé òfin náà kò mọ sórí onígun mẹ́rin. Àwòrán yòówù tí wọ́n bá yà sórí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ìrísí wọn bá ti bára mu, tí títóbi wọn sì ń bá gígùn ẹ̀gbẹ́ lọ, fífẹ̀ méjì kékeré á dọ́gba pẹ̀lú ti ńlá.