Dòdò

Dòdò jẹ́ oúnjẹ aládùn tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n ṣe. A máa ń bó o, a ó gé e, a ó sì dín in nínú òróró títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò sì máa dán. Kì í sábà dá dúró. Ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ẹyin díndín ni ó máa ń tẹ̀ lé. Ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó wà lára oúnjẹ tí a fi ń ṣe àlejò ní ọjọ́ Kérésìmesì, Àjíǹde àti Iléyá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń lò

Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni ìran ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní Èkìtì, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin àgbagbà sáàárín kòkó kí ewé rẹ̀ lè ṣíji bo kòkó tí kò tíì dàgbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kún fún sítáàṣì. Bí ó ti ń pọ́n, sítáàṣì náà ń di ṣúgà. Ṣúgà yìí ni iná ń sun nígbà tí a bá ń dín in, òun ni ó sì ń fún dòdò ní àwọ̀ àti dídán, láìfi oyin tàbí ṣúgà kún un. Èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n, tí ó sì ti ní àmì dúdú díẹ̀, ni ó dára jù. Èyí tó bá rọ̀ jù yóò mu òróró púpọ̀.

Bí a ṣe ń dín in

Fún ènìyàn mẹ́rin, àgbagbà ńlá mẹ́ta tó.

1. Fọ àgbagbà, bó o, kí o sì gé e ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní róbótó, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan.
2. Wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i.
3. Gbé òróró kaná títí yóò fi gbóná dáadáa, ní nǹkan bí 170 sí 180°C. Bí òróró kò bá gbóná tó, dòdò yóò mu ún.
4. Dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó má fún ara wọn.
5. Yí i padà nígbà tí ìsàlẹ̀ bá pọ́n, lẹ́yìn náà kó o sínú asẹ́ kí òróró lè ro dànù.

Ní àsìkò ọdún

Iyán ni oúnjẹ tí a mọ Èkìtì mọ́, ṣùgbọ́n dòdò kì í bá iyán rìn; ìrẹsì ọjọ́ ọdún ni ó ń bá wọlé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ dín dòdò lọ́jọ́ ọdún a máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó ṣáájú, a ó sì dì í sínú àpò títí yóò fi pọ́n. Afẹ́fẹ́ ẹ́tílíìnì tí èso náà ń tú jáde ni ó ń mú un pọ́n.

Àwọn kan ń fi káábáìdì mú èso pọ́n kíákíá. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ pé ó léwu fún ìlera, nítorí ó lè ní àséníìkì nínú. Èso bẹ́ẹ̀ lè pọ́n lára bákan náà, kí inú rẹ̀ sì le.

Àwọn oríṣi mìíràn

Ní Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù ni a ń pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí a sì ń dín nínú epo pupa. Òun ni dòdò Ìkirè. Ní Gánà, kelewele ní ata àti atalẹ̀ nínú. Ní Ivory Coast, alloco ni wọ́n ń pè é. Ní Panama, wọ́n ń fi ṣúgà se àgbagbà títí omi rẹ̀ yóò fi ki. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dùnkún tí a fi ṣúgà àti bọ́tà sè ni ó ń gba ipò yìí lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, Ọjọ́bọ̀ kẹrin oṣù kọkànlá.

Ìlera

Dòdò ní ṣúgà àti ọ̀rá púpọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ jẹ ẹ́ níwọ̀nba.