Ìtàn Ìtọ́jú Iṣan Èémí Lẹ́yìn Àìsàn Pípẹ́

Orí òkè pẹrẹsẹ kan tí irin pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ ni Àgbájà wà, nítòsí Lọ́kọ́jà, ní ilẹ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gun òkè náà láìka èémí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn fáírọ́ọ̀sì ti bá fínra pẹ́ lè máa mí gúlegúle kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, bí àrùn náà tilẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Kò sí àní-àní pé àìsàn a máa lọ kí àárẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ iṣan ni mímí jẹ́. Iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni ó dábùú àárín àyà àti ikùn. Bí ó bá sún wálẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró a fẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì wọlé. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú-ìlú Denmark, ó sì gba agbára iṣan yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ẹ̀rọ kò tó. Dókítà Bjørn Ibsen dá a lábàá pé kí a máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Nǹkan bí akẹ́kọ̀ọ́ 1,500 ni ó ń gba iṣẹ́ náà ṣe lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, títí iṣan àwọn mìíràn fi tún jí.

Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó ni iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, èyí tí ń fi ìdárayá dá agbára padà sí ara, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nínú rẹ̀ fún oyè ní 1966.

Nígbà tí COVID-19 dé ní 2020, iṣẹ́ yìí tún di kòṣeémàánìí. Yunifásítì Swansea ní Wales gbé ìwádìí kan jáde ní 2022 lórí ènìyàn 281 tí ara wọn ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àrùn náà. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé wẹ́rẹ́ mí sínú, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 8. Iṣan èémí wọn le sí i, mímí sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju àwọn tí kò ṣe é lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sinmi ní ẹsẹ̀ òkè Àgbájà lẹ́yìn àìsàn kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá sì ń dùn ún, kí ó dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.