Ẹsẹ̀ Oníjó àti Ojú Kámẹ́rà: Ìtàn Sinimá Olórin ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Sinimá olórin, èyí tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ a máa dédé bọ́ sórí orin láàárín ọ̀rọ̀, tí wọn a sì máa fi ijó parí ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ tán, kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹni tí ó bá ti jókòó wo eré alárìnjò rí, nítorí kò sí ẹgbẹ́ eré kan nílẹ̀ wa, ìbáà ṣe ti Ogunde, ìbáà ṣe ti Duro Ladipo, tí í tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òǹwòran kí ó tó lùlù. Ṣùgbọ́n ní Hollywood, níbi tí irú sinimá yìí ti gbilẹ̀ jù lọ, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn tí ń ṣe é pé àwọn ènìyàn yóò bèèrè ibi tí ìlù ti wá nígbà tí wọn kò rí onílù, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìtàn àwọn òṣèré àti olórin ṣe eré, kí orin lè ní ìdí tí ó fi jáde lẹ́nu ẹni tí ń kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1927 ni ilé-iṣẹ́ Warner Bros. kọ́kọ́ fi The Jazz Singer han àwọn ará New York, tí àwọn òǹwòran sì gbọ́ ohùn Al Jolson tí ètè rẹ̀ ń lọ ní ọgbọọgba pẹ̀lú orin. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ sinimá ni kò ní ohùn tirẹ̀. Oníduùrù tàbí ẹgbẹ́ onílù tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ aṣọ funfun ni ó ń bá a fọhùn. Púpọ̀ nínú The Jazz Singer pàápàá ni ó yadi. Orin àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀ sórí àwo, irú èyí tí a ń gbé sórí giramafóònù, tí ẹ̀rọ sì ń yí i kí ó má ba à ya àwòrán sílẹ̀. Jolson, tí í ṣe aláwọ̀ funfun, kun ojú rẹ̀ ní dúdú láti kọ àwọn kan nínú orin náà, àṣà ẹ̀gàn tí àwọn òṣèré funfun ti ń dá láti ọ̀rúndún tí ó ṣáájú, tí ó sì bá sinimá olórin rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ohùn dé, ṣùgbọ́n ó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ kámẹ́rà. Kámẹ́rà ayé ọjọ́un a máa pariwo, ẹ̀rọ tí ń gbohùn a sì máa gbọ́ ariwo náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ti kámẹ́rà òun ẹni tí ń yà á mọ́ inú àpótí ńlá kan tí kò ní atẹ́gùn, tí òógùn ń bo onítọ̀hún níbẹ̀. Ijó tí ó yẹ kí a tẹ̀lé káàkiri wá di ohun tí a ń wò láti ojú kan. Ibi tí ìdè náà ti kọ́kọ́ tú ni The Broadway Melody, tí ilé-iṣẹ́ MGM ṣe ní ọdún 1929, òun sì ni sinimá tí ń fọhùn àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Oscar gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára jù lọ. Ijó ìgbéyàwó ọmọláńgidi kan wà nínú rẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ kò tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, tí ó ní kí wọ́n tún un yà. Douglas Shearer, tí ń mójú tó ohùn, wò ó pé orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kò lábùkù, pé kò sí ìdí tí a ó fi tún san owó fún ẹgbẹ́ onílù, ó sì dábàá pé kí wọ́n gbé orin tí ó wà nílẹ̀ sáfẹ́fẹ́, kí àwọn oníjó máa jó sí i, kí kámẹ́rà sì máa ya wọ́n láìgba ohùn kankan. Nínú ọgbọ́n ìṣọ́wóná yìí ni gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí ti jáde, nítorí láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ṣáájú, tí òṣèré a kàn máa mi ẹnu sí i, tí kámẹ́rà sì lè máa rìn kí ó máa pariwo bí ó ti wù ú.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ wá ń sáré lé ara wọn, orin pọ̀ ju ìtàn lọ, nígbà tí ó sì fi di ọdún 1930, ó ti sú àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé sinimá kan fi ń kọ ọ́ síta gbangba pé èyí tí àwọn ń fi hàn kì í ṣe olórin. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹni tí ó jí òkú náà dìde ni Busby Berkeley. Ọkùnrin yìí kò kọ́ ijó níbì kankan. Iṣẹ́ ológun ni ó ṣe nílẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, níbi tí ó ti ń to àwọn ọmọ ogun fún ìyíde, a sì lè sọ pé títò náà ni ó gbé dé Hollywood. Ní ọdún 1933 nìkan ṣoṣo, ó ṣe ètò ijó fún sinimá mẹ́ta ní Warner Bros.: 42nd Street, Gold Diggers of 1933 àti Footlight Parade. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn, ó kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sínú odò àfọwọ́ṣe, ó gbé kámẹ́rà lọ sí òkè téńté, ó sì ń wò wọ́n láti òkè bí wọ́n ti ń so ẹsẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń ṣí bí òdòdó, tí wọ́n sì ń pa dé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí a lè pè ní oníjó níbẹ̀. Kámẹ́rà ni ó ń jó, àwọn ọmọbìnrin jẹ́ ohun èlò rẹ̀. Àléébù ńlá ni èyí jẹ́ lójú ẹni tí ó fẹ́ràn ijó, n kò sì níí bá onítọ̀hún jiyàn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá pe Berkeley ní ọlọ́ṣọ̀ọ́ lásán kò tíì wo ìparí Gold Diggers of 1933. Ní ọdún tí ó ṣáájú ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí wọ́n jagun rí wọ́ lọ sí Washington láti béèrè owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn, tí ìjọba sì fi sójà lé wọn jáde. Berkeley mú ọ̀rọ̀ náà, ó fi í parí eré ẹ̀fẹ̀: Joan Blondell dúró lábẹ́ iná ojú pópó, Etta Moten, ọmọbìnrin dúdú, gba orin náà kọ ní ojú fèrèsé, àwọn ọmọ ogun tò kọjá nínú òjò, wọ́n padà pẹ̀lú ọgbẹ́, àwọn kan náà sì ni a tún rí tí wọ́n tò láti gba oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ọgbọ́n ìyíde tí ó ń fi àwọn ọmọbìnrin ṣe ọ̀ṣọ́ ni ó lò níhìn-ín, ṣùgbọ́n ìtò náà ti di ẹ̀sùn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1933 kan náà ni Fred Astaire, ọmọ Omaha tí wọ́n bí ní 1899, bá Ginger Rogers jó fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú sinimá, nínú Flying Down to Rio tí ilé-iṣẹ́ RKO ṣe, wọ́n sì ṣe mẹ́wàá pọ̀ lápapọ̀. Ohun tí Astaire dúró lé lórí ni pé ọ̀kan nínú méjì ni: bí kámẹ́rà yóò bá jó, òun kò ní í jó. Ó fẹ́ kí a rí òun láti orí dé ẹsẹ̀, kí kámẹ́rà máa rọra tẹ̀lé e, kí wọ́n má sì gé àwòrán láàárín bí kò bá di dandan. Ìnira tí ó wà nínú irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ bá ṣì ní ìṣẹ́jú kẹta, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya Top Hat ní ọdún 1935, Rogers wọ aṣọ kan tí a fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìyẹ́ náà sì ń ya kúrò lára aṣọ, ó ń fò sójú Astaire, inú bí i gidigidi. Ẹni tí ó bá lajú dáadáa yóò ṣì rí ìyẹ́ díẹ̀ tí ń já bọ́ nínú ijó náà títí dòní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fi èyí ṣe ààyò. Èmi fara mọ́ ijó ìdágbére inú Swing Time ti 1936, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń rìn lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ìrìn náà di ijó láìsí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibi tí ó ti yí padà, tí wọ́n sì jó gun àtẹ̀gùn méjì lọ sókè. Wọ́n tún un yà lé ní ogójì ìgbà, títí ẹ̀jẹ̀ fi rin bàtà Rogers. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ló pa á. Ti Rogers kì í ṣe owó nìkan.

Nínú sinimá kan náà ni Astaire ti kun ojú rẹ̀ ní dúdú láti júbà Bill Robinson, oníjó aláwọ̀ dúdú, ìjúbà tí ì bá dára jù bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe Robinson fúnra rẹ̀. Nítorí ijó tí a fi bàtà onírin lu ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú àti àwọn ará Ireland ni wọ́n jọ bí i ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà. Robinson, ọmọ Richmond ní Virginia, ti jó ijó àtẹ̀gùn rẹ̀ kiri kí ó tó jó o pẹ̀lú ọmọdébìnrin Shirley Temple nínú The Little Colonel ní ọdún 1935. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì gba olórin dúdú sínú sinimá àwọn funfun, wọn a ṣe apá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má bá ìtàn pàdé, kí àwọn tí ń fi í hàn ní Gúúsù lè gé e sọnù láìba ohunkóhun jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Lena Horne léraléra ní MGM.

Stormy Weather, tí Fox gbé jáde ní ọdún 1943, kò ṣeé gé, nítorí aláwọ̀ dúdú ni gbogbo àwọn òṣèré rẹ̀: Horne, Robinson, Fats Waller, Katherine Dunham. Ní ìparí rẹ̀, bí Cab Calloway àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lùlù, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fayard àti Harold Nicholas jáde, wọ́n fò láti orí pèpéle onílù kan sí èkejì, wọ́n dé orí àtẹ̀gùn ńlá, ọ̀kan fo orí èkejì kọjá, ó balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó là síwá àti sẹ́yìn, èkejì sì tún fo tirẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ilẹ̀, tí wọ́n sì dìde láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Kámẹ́rà kò gbọ́n ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ó jìnnà díẹ̀, ó sì ń wò. Astaire fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rí ijó sinimá tí ó jù ú lọ, ẹni tí ó bá sì wò ó yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtẹ́nilọ́rùn.

MGM ni ó wá kó ọlá ìgbà náà jọ. Nínú The Wizard of Oz ti 1939, díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ orin tí Judy Garland kọ nípa òṣùmàrè, nítorí àwọn ọ̀gá kan ní ó ń fa ìtàn sẹ́yìn. Orin náà ni ó gba Oscar. Ní ọdún 1951, Stanley Donen mú kí Astaire jó lórí ògiri àti àjà nínú Royal Wedding: wọ́n kọ́ iyàrá kan sínú irin róbótó tí ń yí, wọ́n de kámẹ́rà òun ayàwòrán mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí iyàrá bá yí, wọ́n bá a yí, Astaire nìkan ni kò kúrò ní ìsàlẹ̀ gidi.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Donen àti Gene Kelly, oníjó tí ejìká rẹ̀ fẹ̀ bí ti akànṣẹ́, jọ darí Singin' in the Rain. Ọdún 1927 ni ìtàn náà, nígbà tí ohùn ń dé tí jìnnìjìnnì bo àwọn òṣèré, ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀ sì jẹ́ orin àtijọ́ tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibà gidi ń ṣe Kelly nígbà tí wọ́n ya ijó inú òjò. Wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀ kí omi lè dúró síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ó pa agbòjò dé, ó fà mọ́ òpó iná, nígbà tí ó sì bọ́ sí àárín pópó tí ó nawọ́ agbòjò tí ó ń yí, kámẹ́rà gòkè ó sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, àyè sì là fún un. Mo gbà pé ibẹ̀ ni aáwọ̀ Berkeley àti Astaire ti parí: kámẹ́rà jó, oníjó jó, ẹnì kan kò sì bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá kan ni ó wá bá a nínú omi, tí ojú tì í díẹ̀, tí ó fi agbòjò ta ẹni tí ń kọjá lọ́rẹ.

Ẹ̀tàn ohùn tí sinimá náà fi ṣẹ̀fẹ̀ kò kúrò ní Hollywood. Nínú ìtàn, Debbie Reynolds ni ó ń fi ohùn rere rẹ̀ bo ohùn burúkú Jean Hagen. Ní òtítọ́, Hagen ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí a ní Reynolds ń bá a sọ, Betty Noyes sì ni ó bá Reynolds kọ orin. Marni Nixon ni ó kọrin fún Deborah Kerr nínú The King and I ní 1956, fún Natalie Wood nínú West Side Story ní 1961, àti fún Audrey Hepburn nínú My Fair Lady ní 1964, láìrí ojú rẹ̀ nínú ọ̀kankan. Ìgbà tí ó di The Sound of Music ní 1965 ni wọ́n tó gbé e síwájú kámẹ́rà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé ìsìn.

West Side Story àti The Sound of Music, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orin rẹ̀ láti ilé-ìwé, wà lára àwọn tí ó gbé ijó jáde kúrò lábẹ́ òrùlé. Nínú ti àkọ́kọ́, Jerome Robbins kó àwọn oníjó tirẹ̀ lọ sí àdúgbò New York kan tí wọ́n ń wó lulẹ̀ láti kọ́ Lincoln Center, ó sì ní kí wọ́n jó lórí ọ̀dà títì. Nínú ti èkejì, Robert Wise fi hẹlikópítà wá Julie Andrews lọ sórí òkè, ẹ̀fúùfù ẹ̀rọ náà sì ń gbé e ṣubú sínú koríko lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ya ìran ìbẹ̀rẹ̀ náà.

Owó tí The Sound of Music pa ra àwọn ọ̀gá Hollywood níyè. Wọ́n dáwó lé Doctor Dolittle, Star! àti Hello, Dolly! tí Kelly fúnra rẹ̀ darí ní 1969, gbèsè ni wọ́n sì jẹ bọ̀. Ní 1970, MGM gbé ẹrù ilé jáde fún gbàǹjo. Bàtà pupa tí Garland wọ nínú The Wizard of Oz lọ ní $15,000. Ṣùgbọ́n ní 1974, ilé-iṣẹ́ kan náà yọ àwọn orin àti ijó kúrò nínú àwọn sinimá rẹ̀ àtijọ́, ó fi ìtàn wọn sílẹ̀ lẹ́yìn, ó to orin nìkan pọ̀ ní That's Entertainment!, èrò sì wọ́ lọ wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe apá kejì ní 1976. Kelly ni ó darí apá tuntun inú ìyẹn, ó pe Astaire, tí ó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, àwọn méjèèjì sì jọ jó.