Ẹni Tó Fẹ́ Wo Èkó: Ètò Tó Yẹ Kó Ṣe Kó Tó Kúrò Nílé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti dé Èkó tí wọn kò rí Èkó. Bàbá kan lè fi odindi ọdún tọ́jú owó pé òun yóò kó àwọn ọmọ òun wá wo ìlú náà nígbà ìsinmi. Wọ́n á gbéra láti Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́, wọ́n á dé sọ́dọ̀ ẹbí ní Àgbádó. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á ní Lẹ́kí ni àwọn ń lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á sì dá wọn dúró títí oòrùn yóò fi wọ àtàrí. Bí wọ́n bá fi máa dé ibẹ̀, ó ti tó àkókò láti padà. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á di ẹrù wọn. Owó ti tán, ìsinmi ti parí, ohun tí àwọn ọmọ náà sì máa ròyìn fún ẹgbẹ́ wọn kò ju ariwo fèrè ọkọ̀ àti àwọn tó ń ta omi láàárín títì lọ.

Kì í ṣe pé ohun tó yẹ ní wíwò kò sí ní Èkó. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fi máìlì ka ìrìn àjò ní ìlú tó jẹ́ pé wákàtí ni wọ́n fi ń kà á. Ibi tí kò ju kìlómítà 15 lọ lè gba ogójì ìṣẹ́jú ní àárọ̀ Sunday, kó sì gba wákàtí mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Àwọn ará ìlú náà máa ń sọ pé Èkó ò gba gbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá wòran níbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn.

BÍ ÌLÚ NÁÀ ṢE TÒ

Omi ló pín Èkó sí méjì. Ní apá kan ni Erékùṣù Èkó, níbi tí Ìsàlẹ̀ Èkó, Oníkan àti Màrínà wà. Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí tẹ̀lé e lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní òdìkejì ọ̀sà ni Èbúté Mẹ́ta, Yábàá, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, Àgégé àti àwọn àdúgbò mìíràn tí àwọn èrò pa pọ̀ ń pè ní Mainland. Afárá mẹ́ta ló so apá méjèèjì pọ̀: afárá Carter, afárá Èkó àti afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1990, tó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12.

Erékùṣù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ wà, Mainland sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ̀ á máa rọ́ lọ sí Erékùṣù. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa rọ́ padà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àlejò pinnu kì í ṣe ibi tí yóò wò bí kò ṣe ibi tí yóò sùn. Ẹni tí ohun tó fẹ́ rí bá wà ní Erékùṣù, tó sì sùn síbẹ̀, ti gba ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀nà. Bí kò bá sì ní owó ilé ìtura níbẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni yóò dé sí, kó pín ibi tó fẹ́ wò sí ọ̀nà ọ̀nà: apá kan fún ọjọ́ kan. Kò gbọdọ̀ gun afárá lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan ju lílọ àti bíbọ̀ lọ.

ÀKÓKÒ TÓ DÁRA

Oṣù November sí March ni òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Èkó. Oṣù June ni òjò máa ń pọ̀ jù, omi á sì bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ ní àwọn àdúgbò kan, pàápàá jù lọ ní apá Lẹ́kí. Oṣù December ní ọ̀nà gbígbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní òkè òkun máa ń wálé nígbà náà. Ilé ìtura á wọ́n, ọ̀nà á sì kún dé òru. Oṣù January àti February ló rọrùn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀, Sunday ni ọ̀nà máa ń dá jù. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun kì í ṣí ní ọjọ́ náà, nítorí náà ẹni tó fẹ́ rí ọjà kò gbọdọ̀ fi í sí Sunday. Ẹni tó sì fẹ́ rí ilé àtijọ́ tí èrò máa ń bò mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, Sunday gan-an ni tirẹ̀.

ỌJỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: ERÉKÙṢÙ ÈKÓ

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wo Erékùṣù Èkó. Oníkan ló dára láti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ilé Ìkóhun-Ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti orílẹ̀-èdè wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀ yìnbọn pa á ní February 13, 1976. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Gbọ̀ngàn John Randle fún Àṣà àti Ìtàn Yorùbá, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní ọdún 2023 síbi tí odò ìwẹ̀ tí Dókítà John Randle kọ́ fún àwọn ará ìlú wà tẹ́lẹ̀. Ìtàn Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ dé òde òní ni wọ́n pa síbẹ̀. Ọmọ tó bá wò ó tán yóò mọ̀ pé àṣà òun kì í ṣe ohun ìtìjú.

Láti ibẹ̀, àlejò lè rìn dé Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àmúnisìn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n wà ṣì hàn gbangba.

Lẹ́yìn èyí ni Pópó Àgùdà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà bọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé olókè tó ní fèrèsé gíga àti ọnà lára. Títí di òní, orúkọ bíi da Rocha, Pereira àti Salvador wà láàárín àwọn ọmọ Èkó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ni ẹ̀rí tó lágbára jù nípa iṣẹ́ ọwọ́ wọn: mọ́ṣáláṣí ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ilé àwọn ará Brazil yóò mọ ibi tí ọnà ara rẹ̀ ti wá.

Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn sọ pé oko ata Arómirẹ́ ló wà níbẹ̀ rí, ibẹ̀ ni ààfin náà sì ti gba orúkọ. Kò yẹ kí àlejò ṣàdédé wọlé síbẹ̀. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ pé àkókò Ẹ̀yọ̀ ló bọ́ sí, ó ti rí ohun tí kì í wáyé lọ́dọọdún. Kó mọ èèwọ̀ tó wà níbẹ̀: bàtà, fìlà, gèlè, irun ṣùkú àti sìgá kò gbọdọ̀ dé iwájú Ẹ̀yọ̀.

ỌJỌ́ KEJÌ: LẸ́KÍ TÀBÍ ÌKẸJÀ

Ọ̀kan ni kí àlejò mú nínú méjèèjì. Ní Lẹ́kí, ọgbà ìdáàbòbò ẹranko àti igbó wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ máa ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka níbẹ̀, afárá olókùn tí wọ́n so mọ́ òkè igi sì wà, tó gùn ní mítà 401. Ẹni tí ojú ń kọ́ kó má gùn ún. Ilé iṣẹ́ ọnà Olóyè Nike Okundaye náà wà ní Lẹ́kí: ilé alájà tó kún fún àwòrán, àdìrẹ àti ère.

Bó bá jẹ́ Ìkẹjà ni, ilé tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé kẹ́yìn ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2012, ibojì rẹ̀ sì wà níwájú ilé náà. Yàrá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti ròyìn Bar Beach fún kó má wá a lọ. Òkun ti ń jẹ etí ilẹ̀ ibẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ti kó yanrìn dí ibẹ̀ fún ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Etíkun mìíràn wà, ṣùgbọ́n omi òkun Èkó máa ń fa ènìyàn lọ. Ìmúṣeré lórí yanrìn tó fún ọmọdé.

ỌJỌ́ KẸTA: ÀGBÁDÁRÌGÌ

Àgbádárìgì jìnnà sí àárín ìlú tó nǹkan bíi kìlómítà 60, nítorí náà odindi ọjọ́ ló gbà, ìdájí ló sì yẹ kí wọ́n gbéra. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́, ṣì wà níbẹ̀. Ojúbọ ọjà ẹrú Vlekete àti ilé ìdílé Mobee, níbi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àwọn ẹrú wà, ń sọ ìtàn tí ìwé kò lè sọ tán. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ kọjá sí erékùṣù Gberefu, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn dé etí òkun, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà tí wọn kò fi padà. Ẹni tó ti rí Pópó Àgùdà ní ọjọ́ kìn-ín-ní yóò wá lóye pé díẹ̀ lára àwọn tó lọ ló padà.

OHUN ÌRÌNNÀ

Ọkọ̀ ojú irin ti mú ìrìn rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Móníyà, kó gba Abẹ́òkúta dé Èbúté Mẹ́ta. Ọdún 2021 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ìlú, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń lọ láti Mile 2 dé Màrínà láti September 2023, ó sì ń kọjá lórí ọ̀sà. Red Line ń lọ láti Àgbádó dé Òyìngbò láti October 2024. Bàbá tó dé sí Àgbádó lè fi èyí bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: bó bá sọ̀ ní Òyìngbò, afárá ló kù. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ wọ̀nyí àti ti bọ́ọ̀sì ìjọba. Kí àlejò rà á ní ọjọ́ tó bá dé, kó sì béèrè àkókò tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ.

Dáńfó ń lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n kí èrò béèrè iye owó kó tó wọlé, kó sì mú ṣéńjì dání. Kó má wọ ọkọ̀ tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lálẹ́, kó má baà kó sọ́wọ́ àwọn olè tí wọ́n ń pè ní 'wan ṣansi'. Ọ̀kadà ti di èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, Erékùṣù, Lẹ́kí àti Ìkẹjà wà lára wọn. Òfin sì lè mú ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi kó rí i pé wọ́n fún òun ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kó sì wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí.

OWÓ ÀTI ÌWÀ

Owó ìwọlé máa ń yí padà. Kí àlejò pe ibi tó ń lọ kó tó gbéra. Kó pín owó rẹ̀ sí ibi méjì, kó má tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Bí ọmọdé bá wà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù òbí sínú ìwé, kí wọ́n fi sí àpò ọmọ, nítorí ọmọ lè sọnù ní Balógun láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán ọlọ́jà tàbí ojúbọ láìgba àṣẹ. Ìkíni ṣì ń ṣílẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó: ẹni tó bá kí àgbà dáadáa, tó sì ní àlejò ni òun, sábà máa ń rí ẹni mú un lọ.

Ẹni tó bá ń sọ pé Èkó kò ní sá lọ, kó rántí ilé Ilojo Bar ní Tinúbú. Láti ọdún 1855 ni ilé àwọn Àgùdà náà ti wà, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn tó kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìgbójú sókè kò lè rí i mọ́. Àwọn mìíràn ṣì wà lórí ìdúró ní Pópó Àgùdà, bí ó ti wù kí wọ́n gbó tó. Àwọn wọ̀nyẹn ni kí òbí kọ́kọ́ fi han ọmọ rẹ̀.