Jíjí Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Nínú Jọ́nà Ìmọ̀

Jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kí olùwádìí mú ọ̀rọ̀, èrò, èsì tàbí ọgbọ́n ìṣiṣẹ́ ẹlòmíì, kó sì gbé e jáde láìdárúkọ ẹni tó ni ín. Bí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000 fún àwọn tó ń fi owó ìjọba ṣèwádìí, ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ jọ́nà ń lò kò sì jìnnà sí i. Olùwádìí kì í gbowó lọ́wọ́ jọ́nà tó tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Orúkọ tí àpilẹ̀kọ náà fún un ni èrè rẹ̀. Orúkọ yìí ni yunifásítì ń wò kí wọ́n tó gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ni àwọn tó ń fowó ìwádìí sílẹ̀ ń wò. Ẹni tó bá jí àpilẹ̀kọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ẹlòmíì ló kó lọ.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní ìparí ọdún 1978, dókítà kan tó ń jẹ́ Helena Wachslicht-Rodbard, tó ń ṣèwádìí ní National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà, fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí New England Journal of Medicine. Iṣẹ́ náà dá lórí bí insulin ṣe ń so mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní anorexia, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹun. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe jọ́nà, olóòtú fi í ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Philip Felig ní yunifásítì Yale. Felig gbé e fún Vijay Soman, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tí òun náà sì ń ṣe irú ìwádìí kan náà. Èsì tó ti Yale jáde ni pé kí jọ́nà má ṣe gba iṣẹ́ náà. Soman ti da àwọn ìpínrọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú tirẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti Felig sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí American Journal of Medicine.

Olóòtú ibẹ̀ wá ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì mú Jesse Roth. Roth ni ọ̀gá Wachslicht-Rodbard, ó sì ní kó bá òun kà á. Bí obìnrin náà ṣe ń kà á lọ, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá pàdé. Ó kọ̀wé sí olóòtú New England Journal, ó sì fi ẹ̀dà ìwé Soman há a. Wọ́n tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1979, àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1980, onímọ̀ kan láti ìta lọ yẹ àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Soman wò ní Yale, ó sì bá a pé wọ́n ti fọwọ́ kan àwọn èsì rẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Àpilẹ̀kọ tó lé ní mẹ́wàá ni wọ́n fagi lé lẹ́yìn náà. Ìpínrọ̀ díẹ̀ tó dà kọ ló ṣí ìdí gbogbo rẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olóòtú kankan fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ àdàkọ.

Nígbà náà, olóòtú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn díẹ̀ ní Ìlú Ọba kó ara wọn jọ, wọ́n dá Committee on Publication Ethics sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí COPE. Ẹgbẹ́ yìí ló ya ìgbésẹ̀ olóòtú sórí ìwé ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ọ̀tọ̀ ni ti iṣẹ́ tí kò tíì jáde, ọ̀tọ̀ ni ti èyí tó ti jáde.

Bí iṣẹ́ kò bá tíì jáde, olóòtú á kọ́kọ́ wo bí ohun tí wọ́n dà kọ ṣe pọ̀ tó. Gbólóhùn díẹ̀ tí òǹkọ̀wé kò tọ́ka sí ibi tó ti rí i, wọ́n á ní kó tún un kọ, kó dárúkọ ẹni tó ni ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bó bá jẹ́ ojúewé gbáko tàbí èsì ìwádìí ni, olóòtú á fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, á ní kó ṣàlàyé. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n á kọ iṣẹ́ náà, wọ́n á sì fi tó yunifásítì rẹ̀ létí, torí jọ́nà kò lágbára láti wọ yàrá ìwádìí ẹnikẹ́ni tàbí láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí yunifásítì bá dákẹ́, COPE ní kí olóòtú máa kọ̀wé sí wọn ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra wọn. Olóòtú tó kàn dá iṣẹ́ náà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, jọ́nà tó kàn ló fi olè ránṣẹ́ sí.

Láti ọdún 2008 ni Crossref, àjọ àwọn tó ń tẹ jọ́nà jáde, ti ń jẹ́ kí àwọn jọ́nà fi sọ́fítíwíà iThenticate wá àdàkọ. Kọ̀ǹpútà á fi iṣẹ́ tuntun wé ọ̀kẹ́ àìmọye àpilẹ̀kọ tó ti wà nílẹ̀, á sì sọ ìdá tó bára mu. Ní ọdún 2010, olóòtú jọ́nà yunifásítì Zhejiang ní Ṣáínà kéde nínú Nature pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé ń fi ránṣẹ́ sí wọn ló ní ohun tí wọ́n dà kọ nínú. Ìdá tí kọ̀ǹpútà kọ dà bí ara gbígbóná: ó ń sọ pé kí dókítà wá wò ó, kò sọ àìsàn tó ń ṣeni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe àyẹ̀wò kan kò lè ṣe kó má jọra, àkójọ ìwé ìtọ́kasí sì máa ń bára mu. Jọ́nà tó bá wo ìdá nìkan fi dájọ́ yóò jẹ aláìṣẹ̀ níyà, ẹni tó jí èrò tó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ ọ́ yóò sì mú un jẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó kà á.

Àwọn kan tilẹ̀ ń lo sọ́fítíwíà tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ má baà rí wọn. Guillaume Cabanac, Cyril Labbé àti Alexander Magazinov tú àṣírí wọn ní ọdún 2021: nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, breast cancer tí gbogbo dókítà mọ̀ á di bosom peril. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó bá kà á, kò lè ṣàìrí i. Pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jáde nínú jọ́nà fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n dáadáa.

Nílẹ̀ wa, ìwádìí kan tó jáde nínú BMJ Open ní ọdún 2018 wo 100 jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí African Journals Online, níbi tí ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà wà. Jọ́nà 26 péré ló ní ìlànà tó kọ sílẹ̀ lórí jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ 495 tí wọ́n yẹ̀ wò, 313 ni wọ́n ti rí àdàkọ. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni ti àwọn kan nínú wọn, àmọ́ ti 83 pọ̀ kọjá àfojúfò. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí olóòtú tí kò ní ìlànà kò ní ohun tí yóò fi gbèjà òǹkọ̀wé rere.

Bí iṣẹ́ bá ti jáde, òǹkàwé ló sábà máa ń rí olè. Olóòtú á ní kó mú ẹ̀rí wá, á béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, bó bá sì dájú, wọ́n á fagi lé àpilẹ̀kọ náà. Wọn kì í yọ ọ́ kúrò: wọ́n á kọ RETRACTED gàdàgbà sára ojúewé rẹ̀, wọ́n á sì tẹ ìkéde tí ẹnikẹ́ni lè kà láìsanwó, tó sọ ẹni tó fagi lé e àti ìdí rẹ̀. Nínú 2,047 irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ tí Fang, Steen àti Casadevall yẹ̀ wò ní ọdún 2012, ìdá 9.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti jíjí iṣẹ́ ẹlòmíì, ìdá 14.2 ni ti àwọn tó tẹ iṣẹ́ ara wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ìkéde yìí ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ti ń kùnà. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ń bà wọ́n, wọ́n á wá máa fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bo olè jíjà mọ́lẹ̀. Ivan Oransky àti Adam Marcus dá ìkànnì Retraction Watch sílẹ̀ ní ọdún 2010, wọ́n sì ń pe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ síta láti ìgbà náà. Ní ọdún 2023, Crossref ra àkójọ àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti fagi lé lọ́wọ́ Retraction Watch, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹni tí wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tètè ń gbàgbé jù. COPE ní kí olóòtú sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe parí, ìkéde tó dára a sì máa dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Michael Dansinger, dókítà ní Boston, fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Annals of Internal Medicine, wọn kò gbà á. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kó gbogbo rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde níbòmíràn lórúkọ ara rẹ̀. Jọ́nà kejì fagi lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Annals fún Dansinger láyè láti kọ lẹ́tà gbangba sí olè náà, láìdárúkọ rẹ̀, kó lè sọ ọdún àti làálàá tí iṣẹ́ náà gbà. Èmi kò mọ jọ́nà mìíràn tó fún ẹni tí wọ́n jà lólè ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ojúewé ara rẹ̀.