Ṣé Dandan Ni Kí Ìlàjẹ Tò Sẹ́yìn Ààrẹ?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti búra fún Bọ́lá Ahmed Tinubu ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ Yorùbá: ìbò ti lọ, ẹ jẹ́ ká pa ohùn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ wa ni. Ní Igbókòdá, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i, nítorí oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Ìlàjẹ, di gómìnà Oǹdó lábẹ́ APC, ẹgbẹ́ Tinubu. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gbígba àṣẹ ìjọba yàtọ̀ sí títò sẹ́yìn olórí. A jẹ òfin ní gbèsè ti àkọ́kọ́. Èkejì wà lọ́wọ́ wa láti fún ẹni tó bá tọ́ sí.

INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde 8,794,726 ìbò fún Tinubu, 6,984,520 fún Atiku Abubakar, 6,101,533 fún Peter Obi. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ó yẹ kí gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Àwa ará Oǹdó kò gbàgbé ọdún 1983, nígbà tí wọ́n kéde Ọmọ́bóríowó ní gómìnà dípò Ajáṣin, tí ilé jóná, tí ẹ̀mí ṣòfò. Síbẹ̀, nínú 100 tó dìbò ní 2023, nǹkan bí 63 ló yan ẹlòmíràn. Ààrẹ ló yẹ kó wá àwọn yẹn lọ.

“Ọmọ wa ni” kọ́ ni ìdáhùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, Babangida, olórí ìjọba ológun, gbé ìjọba fún Ernest Ṣónẹ́kàn, ọmọ Ẹ̀gbá bíi MKO Abíọ́lá tí wọ́n fagi lé ìbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Àwọn kan sọ pé kíkọ̀ náà ló ṣílẹ̀kùn fún ìjọba ológun Abacha. N kò gbà: inú ìjọba Ṣónẹ́kàn gan-an ni Abacha wà, òun ni mínísítà ètò ààbò. Tinubu fúnra rẹ̀ darapọ̀ mọ́ NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, nígbà ìjọba Abacha, ó sì lọ sí ìgbèkùn. Lóòótọ́, ìbò ló gbé Tinubu wọlé, kò sì sí ìbò tó gbé Ṣónẹ́kàn wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi hàn pé Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà kò sọ ìjọba di rere.

Ọjọ́ ìbúra rẹ̀ ni Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó kọjá ₦480. Àwọn alátakò rẹ̀ náà ti ní àwọn yóò yọ ọ́, nítorí náà n kò ní dá ìpinnu náà lẹ́bi lórí yíyọ nìkan. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ni mo ń bá jà. Ẹni tó ń ti èbúté Igbókòdá lọ sí àwọn abúlé etí òkun kò ní títì tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Epo ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu, epo ni apẹja ń rà kó tó fi àwọ̀n sómi. Ìkéde ṣáájú, ètò ìrọ̀rùn tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, kí wọ́n má sì pe ìbínú rẹ̀ ní ọ̀tẹ̀.

Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ kan létí òkun, ni ẹ̀rí tó dun ni jù pé “ọmọ wa ni” kò tó. Ọdún 1947 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, òkun sì ti gbé apá ńlá rẹ̀ lọ. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi òkun níbẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíràn ní 2009, òkun ṣì ń wọlé. Láti 2004 wá, Ọbásanjọ́, ọmọ Yorùbá, ṣe ààrẹ. Jonathan, ọmọ Niger Delta tí Ìlàjẹ wà nínú rẹ̀, ṣe ààrẹ. Méjèèjì la lè pè ní tiwa.

Nítorí náà, bí àwọn ọba, àwọn ìjọ, àwọn obìnrin ọjà àti ọ̀dọ́ Ìlàjẹ yóò bá pa ohùn pọ̀, orí Ayétòrò ni kí wọ́n pa á pọ̀ lé. NDDC wà lábẹ́ ààrẹ. Kí wọ́n bi ààrẹ léèrè, ní kíkọ sílẹ̀, lọ́dọọdún: ta ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, eélòó ló ti gbà, ìgbà wo ni yóò parí? Èsì tó bá fún wọn ni kí wọ́n gbé lọ sí ibi àpótí ìbò ní 2027.