Bí Àbíkú Ṣe Wọ Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ewì Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú yín jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí yóò ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń tún un kà.

Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti Cambridge ni ìbéèrè ìdánwò ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ìwé ìdáhùn lọ láti máàkì í. Ewì òkè òkun ni wọ́n ń kà. Àìmọye ọmọ ló kọ́ ewì tí Wordsworth tẹ̀ jáde ní 1807 nípa òdòdó daffodil sórí, tí wọn kò sì fi ojú kan òdòdó náà rí. Kí ni wọn ì bá ṣe? Àlàyé tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ni wọ́n ń há sórí bí ẹni ń kọ́ ọfọ̀. Àṣà náà kò tíì tán lọ́wọ́ wa.

Dókítà Jeffery wá ṣe ìwádìí, ó sì kọ ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1950. Ní 1952 ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀. Ewì tiwa kò tìtorí bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ní láti kọ ọ́ ná. J. P. Clark dá ìwé ewì The Horn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1958, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1967, Donatus Nwoga ṣa ewì jọ fún ilé-ìwé nínú West African Verse.

Báyìí ni àbíkú ṣe wọ kíláàsì. Clark, ọmọ Ìjọ̀, kọ ewì tí ó pè ní Abiku. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta, kọ tirẹ̀, orúkọ kan náà. Inú ọmọ Yorùbá dùn. Ta ni kò mọ Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́ kan ládùúgbò? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á pa ewì tì, wọ́n á máa ròyìn ohun tí ìyá àgbà sọ, tàbí kí wọ́n kọ odindi ojú ewé kan lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ń máàkì kò béèrè ìyẹn.

Ẹ bi ewì méjèèjì pé: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀? Nínú ti Clark, ará ilé ló ń bẹ ọmọ kí ó dúró, bí òrùlé tilẹ̀ ń jò. Ó rẹ ìyá. Ohùn ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Dúrójayé gan-an nìyẹn. Nínú ti Ṣóyínká, àbíkú fúnra rẹ̀ ló lanu. Ó ń fi ẹbọ àti oògùn wa ṣe ẹlẹ́yà, kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ fi rọ̀, tí ti èkejì fi le.

Nítorí náà, ẹ kà á sókè. Kí ẹnì kan ka ti ará ilé, kí ẹlòmíràn fi ti àbíkú dá a lóhùn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó fi ẹbẹ̀ hàn, àti èyí tí ó fi yẹ̀yẹ́ hàn. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ há sórí, kí ẹ lè fi wọ́n ti ìdáhùn yín lẹ́yìn. Bí ewì tí ẹ kò rí rí bá dé, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í. Ó bá ti Wordsworth náà mu.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ ń fi ohùn méjì bá ara rẹ̀ jiyàn nínú yàrá, ẹ má ṣe já wọlé lọ bá a. Ìwé ló ń kà.